Ọjọ́ Tí Mo Fi Àgbàṣe San Àáró

Inú mi máa ń tètè ru. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìkọ̀lé, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nípa èrò àti ìṣesí ọmọ ènìyàn, á ti máa gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kó tó fojú kàn mí. Mo ti bínú sí awakọ̀, mo ti bínú sí ọ̀gá, mo ti bínú sí àlùfáà lọ́jọ́ Àìkú rí. Àmọ́ nínú gbogbo ìbínú tí mo ti bí láyé, ọ̀kan ṣoṣo ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìyẹn ni èyí tí mo bí sí àwọn obìnrin mẹ́rin kan ní Ayébòdé, nígbà tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò wá bá ìyá mi bó ẹ̀gẹ́.

Àwọn mẹ́rin náà àti ìyá mi ló jọ ń ṣe àáró láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Bí ẹ̀gẹ́ ẹnì kan bá tó í hú, àwọn mẹ́rin yòókù á gbé ọ̀bẹ, wọ́n á lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n á bó o títí á fi tán, wọ́n á sì bá a gbé e débi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Oúnjẹ ọjọ́ náà ọrùn ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ ló wà. Bó bá tún di ọ̀sẹ̀ mìíràn, ó kan ẹlòmíràn. Wọn ò ní alága, wọn ò ní akọ̀wé, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n kọ orúkọ sí. Síbẹ̀ mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n jiyàn lórí ẹni tó kàn.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀, eegun itan rẹ̀ sì dá. Wọ́n bá a tò ó nílé ìwòsàn, ó ń fi ọ̀pá rìn, dókítà sì kìlọ̀ fún un pé kó má jókòó pẹ́ lórí àpótí kúkurú. Kò sunkún nítorí ẹsẹ̀. Nítorí àáró ló ṣe sunkún. Mo ní kó má dààmú, pé gbogbo gaàrí tó bá fẹ́ jẹ láyé rẹ̀ ni màá rà fún un. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́ èdè.

"Ṣé gàrí ni mo í wá?" ó ní. "Bí mi ì bá lọ bá án, án a yọ mí kúrò."

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bàbá mi ti kú. Ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ Áńgílíkà wọn lè máa wá bẹ̀ ẹ́ wò nílé, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n lọ. Àáró nìkan ni ibi tí wọ́n ti nílò ọwọ́ rẹ̀, tí ojú á máa wá a bí kò bá dé. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ó di arúgbó tí wọ́n ń kí lójúde lásán. Mo nífẹ̀ẹ́ ìyá mi gan-an, ìyẹn ni mo ṣe sọ láìronú pé èmi ni màá gba ipò rẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi san. Ó bẹ àwọn yòókù, wọ́n sì gbà.

Ìgbà méjì àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì lọ. Ọwọ́ mi wú, ọ̀bẹ gé mi níka, àwọn obìnrin náà sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó jẹ́ pé òun ni gbogbo wọn ń wojú rẹ̀, gbé èèpo tí mo bó sókè kí gbogbo wọn lè rí bó ti nípọn tó. Ó ní, "Ewúrẹ́ ulú yìí a dúpẹ́ lọ́ọ́ rẹ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà kẹta bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, àkókò ìdánwò la sì wà. Kí n má parọ́, mo lè bẹ ẹnì kan pé kó bá mi dúró ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìka mi ṣì ń ro mí, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo pe obìnrin kan ní Òkè-Ako tó máa ń ṣe iṣẹ́ àgbàṣe, ẹni tó lè bó ẹ̀gẹ́ ju ènìyàn méjì lọ, mo sanwó fún un, mo fi owó ọ̀kadà lé e, mo tún rán an ní páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan pé kó fún àwọn ìyá. Lẹ́yìn náà ni mo pe ìyá mi lórí fóònù pé mo ti rán ẹnì kan.

Ó ní, "Ọ sanwó fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ má ṣèyọnu."

Ó ní, "Ó dáa." Èmi tí wọ́n ń sanwó fún kí n máa túmọ̀ ohun tó wà nínú ènìyàn, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú "ó dáa" yẹn.

Wọ́n gba obìnrin náà dáadáa. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà. Ó sọ fún mi pé ara wọn yá mọ́ òun. Mo fi ọkàn balẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò parí, mo ní kíláàsì kan lórí ibi tí òfin ti ṣẹ̀ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kogí ní ìjọba ló dá a sílẹ̀, pé bí kò bá sí ọlọ́pàá, gbogbo wa á máa ja ara wa lólè. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ajíhìnrere ní orí òkè Sínáì ni. Mo jẹ́ kí wọ́n jà díẹ̀, mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn pé kó tó di pé ẹnikẹ́ni jọba, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé, àwọn ènìyàn ti ń gbé ní agbo kéékèèké, tí ẹni tó bá rí ẹran pa lónìí á pín in fún ẹni tí kò rí, torí ó mọ̀ pé ọ̀la lè kan òun. Mo ní àdán kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ pé èyí tó yó á pọ ẹ̀jẹ̀ fún èyí tí ebi ń pa, tí wọ́n sì máa ń dá ara wọn mọ̀. Mo ní ìtìjú, ìbínú àti ìmoore ti dàgbà ju òfin lọ, orí wọn ni wọ́n kọ́ ilé ẹjọ́ sí. Mo tiẹ̀ mú àáró ìyá mi wá ṣe àpẹẹrẹ. Mo fi yangàn. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì jáde níbẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e ló kan ìyá mi. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ti hú ẹ̀gẹ́ náà lọ́jọ́ Ẹtì, pikọ́ọ̀pù kan sì gbé e wá, ó kún ẹ̀yìnkùlé títí dé ẹsẹ̀ igi máńgòrò. Ìyá mi ti fi ọ̀pá rẹ̀ dúró ti iná láti àfẹ̀mọ́jú, ó se ẹ̀wà ìkòkò ńlá, ó to àpótí márùn-ún káàkiri ẹ̀gẹ́ náà, ó sì gbé àga tirẹ̀ sáàárín. Aago méje lù, kò sẹ́ni tó dé. Aago mẹ́jọ lù. Mo pe fóònù ìyá àgbà, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ó ń dún, wọn ò gbé e. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ìyá mi bo ìkòkò ẹ̀wà, kò sì wo ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ìbínú gbé mi dìde. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú kì í dúró de ẹnì kan. Bó bá fi lé ní ọjọ́ méjì mẹ́ta, inú rẹ̀ á máa dúdú, kò sì ní wúlò fún gaàrí mọ́. Mo gba ilé ìyá àgbà lọ. Ó jókòó ní ìloro, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ọmọ.

Mo ní, "Ìyá, a ti ń retí yín láti àárọ̀."

"Ọmọ mi, a à bínú sí ọ," ó ní. "A à bínú sí ìyá rẹ."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wá?"

"Ùwọ lọ rán àgbàṣe sí ria, àwa mẹ́rin. A gbà á, a fún un lóńjẹ. Ọ sanwó fún un, ó ṣuṣẹ́, ó tán." Kò tiẹ̀ dá ọwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

Mo ní obìnrin yẹn bó ju èmi lọ. Mo ní bó bá jẹ́ iṣẹ́ la ń sọ, ó ṣe é ní ìlọ́po méjì. Mo ń sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò, ohùn mi sì ti ń ga.

"Uṣẹ́ kọ́ ni a í wá. A mọ ulé àwọn alágbàṣe." Ó wá gbé ojú sókè. "Ujọ́ rẹ ni a í wá. Ujọ́ tí ọ mú kúrò nínú tirẹ, tí ọ gbé fún ria. Obìnrin yẹn, owó ló wá gbà, ó gbà á, ó lọ. Ùwọ ńkọ́, kí lọ gbé sílẹ̀?"

Mo dúpẹ́, mo jáde. Ní ojú ọ̀nà mo ń ronú ibi tí mo lè gbé ẹjọ́ náà lọ. Ààfin ńkọ́? Àlùfáà ńkọ́? Ẹ̀sùn wo ni màá fi kàn wọ́n? Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí obìnrin mẹ́rin wá bó ẹ̀gẹ́ ìyá mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó jókòó síwájú ilé ló kí mi, tí wọ́n béèrè àlàáfíà, tí ẹnì kan ò sì béèrè ohun tí mo ń wá kiri ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ àáró ìyá mi. Gbogbo wọn ti mọ̀. Wọ́n ti dá ẹjọ́ mi kí n tó mọ̀ pé mo ṣẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi ti jókòó, ó ti bó ẹ̀gẹ́ mẹ́rin. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n pe obìnrin Òkè-Ako kó mú ẹni méjì wá, kí gbogbo rẹ̀ parí kí oòrùn tó wọ̀.

"Bí àgbàṣe bá wọ ẹ̀yìnkùlé yìí lónìí," ìyá mi sọ fún mi, "ó tán nùyẹn. A ti gbà á fún án pé owó ni a fi í ṣe é."

Mo jókòó. Mo bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta títí ojú fi ṣú, mo bó o lọ́jọ́ Àìkú, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A pín ẹ̀wà fún àwọn ará àdúgbò. Ní ọjọ́ Ajé, ìyókù tí mi ò tíì bó ti ń dúdú nínú, a sì kó o dànù fún ewúrẹ́. Ìyá mi ń wo bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ara á tù mí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú ìka mẹ́ta tí mo fi báńdéèjì wé, mi ò lè di máákà mú dáadáa, ojú sì tì mí nítorí gbogbo ohun tí mo ti sọ fún àwọn ọmọ yẹn nípa àdán.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi. Àwọn mẹ́rin yẹn náà pàdánù. Bí wọn ò bá bá wa ṣe mọ́, ẹni mẹ́rin ni wọ́n kù, ẹ̀gẹ́ wọn ò sì dín kù. Iṣẹ́ ọjọ́ kan á wọ ọjọ́ kejì fún olúkúlùkù wọn. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yàn án, torí bí wọ́n bá gba àgbàṣe lọ́wọ́ èmi tí mo ń gba owó oṣù, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la? Kò ní pẹ́ tí ẹni tó lówó á máa rán ènìyàn, tí ẹni tí kò lówó á máa wá fúnra rẹ̀. Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí, àwọn náà jẹ nínú rẹ̀. Mo ti ń kọ́ni ní irú nǹkan báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí mo jókòó ti ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́ ni mo tó mọ bó ti rí lára.

Mo pinnu. Màá lọ sí ọjọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí, mi ò sì ní retí kí wọ́n dá a padà. Mo lọ bá ọ̀gá mi ní ẹ̀ka wa, mo ní kó jẹ́ kí n máa yí kíláàsì mi padà.

Ó ní, "Nítorí kí ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gẹ́, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín tán, mo sì gba ìwé àṣẹ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti àkọ́kọ́. Wọn ò pè mí, ẹnu àwọn aládùúgbò ni ìyá mi ti gbọ́. Mo gbé ọ̀bẹ àti àpótí tèmi, mo dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n kí mi. Kò sẹ́ni tó sún fún mi, mo sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ èèpo. Nígbà tí oúnjẹ dé, àwọn tó ń ṣe àáró jọ jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n sì bu tèmi sínú àwo ọ̀tọ̀, wọ́n dé e lómọrí, wọ́n gbé aṣọ ìnuwọ́ lé e. Bí wọ́n ti ń ṣe é fún àlejò pàtàkì nìyẹn. Mo jẹ ẹ́. Oúnjẹ náà dùn, mo sì padà sí ẹ̀gbẹ́ èèpo mi.

Lẹ́ẹ̀kejì, òjò pa wá, a kó wọ abẹ́ páànù, àwo ọ̀tọ̀ náà ló tún jẹ́. Ìyá mi béèrè lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́, "Àwo mélòó?" Mo ní méjì, tiwọn àti tèmi. Ó mi orí. Ó ní kí n lọ sinmi, kí n má sì pẹ́ ní ìgbà tó ń bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta ni ọjọ́ ìyá àgbà. Bí a ti ń bó ẹ̀gẹ́ lọ, omi tí a fi ń ṣan án tán, ìyá àgbà ò sì wò mí tó fi nawọ́ korobá sí mi. Ó ní, "Lọ pọnmi wá." Ènìyàn kì í rán àlejò níṣẹ́. Mo sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi bí ọmọ kékeré, mo sì ń sunkún lọ́nà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rí i. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo bá wọn jẹun nínú abọ́ kan.

Nígbà tó tún kan ìyá mi, kò fẹ́ se oúnjẹ. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo sì mọ̀. Èmi ni mo se ẹ̀bẹ, èmi ni mo to àpótí. Aago méje ò tíì lù tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dé, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, tọ̀bẹtọ̀bẹ. Ìyá mi kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi tìmùtìmù sí àga rẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀gẹ́ tó kéré fún un, ó sì ń bó o díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé mo ti san án padà fún un.

A parí ní ọ̀sán. Bí wọ́n ti ń fọ ọwọ́, ìyá àgbà sọ pé òun tún ní ẹ̀gẹ́ mìíràn tó ti tó í hú, Ọjọ́rú sì ni òun fẹ́ kó jẹ́. Ó ní, "Ṣé ọ a ráàyè?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ó a wá." Láti ọdún gbọọrọ, òun ni wọ́n máa ń bi ní ìbéèrè yẹn.

Ìyá àgbà na aṣọ ìnuwọ́ sí i. Ó rọra sọ ọ́, kò sí ìkanra nínú rẹ̀. "Ùwọ kọ́ ni mo bi léèrè."

Gbogbo wọn wá kọjú sí mi. Mo ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀ka lọ́jọ́ náà, èmi sì ni akọ̀wé. Mo wo ìyá mi, mo fẹ́ kó sọ nǹkan kan, kó bínú, kó ní òun ṣì wà níbẹ̀. Ó ń nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ń dúró de èsì mi bí àwọn yòókù ti ń dúró.

Mo ní, "Màá wá, Ìyá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀, mo ní kó foríjì mí. Mo jà títí kí àyè rẹ̀ má baà bọ́, èmi náà ni mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ tó ń rùn ẹ̀gẹ́.

"Àwọn márùn-ún ni án í jẹ́," ó ní. "Án ti pé. Dìde, gbé mi wọlé."

Ní Ọjọ́rú, mo fi ìwé ránṣẹ́ sí ìpàdé pé mi ò ní lè wá. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ń gbé àpótí jáde, ó sì wò mí títí mo fi yà sí kọ̀rọ̀.